Ìpè Mọ́kàndínlógún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ohun tó wà nínú mi ló gun ọrùn mi tó fi le báyìí, pé bí mi ò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, kí n sọ ọ́ fún ìwé. Mo ní ṣé ìwé máa ń dáhùn ni? Ó ní àǹfààní ibẹ̀ gan-an nìyẹn, pé kì í dáhùn. Ó dáa. Ìwé, ẹ kú ìjókòó.

Ìjókòó kẹrìnlá ni tèmi ní yàrá ìpè ilé ìtajà orí fóònù kan, ọdún mẹ́fà rèé. Ìpè àwọn tí ẹrù wọn kò tíì dé ni mò ń gbé. Òní ni ẹ̀dínwó ìparí ọdún bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko tí gbogbo ayé yóò máa fi fóònù ra ohun tí wọn kò nílò, tí wọn yóò sì máa pè wá pé ó dà. Ìpè mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mo gbé lónìí. Ẹnì kan nínú wọn bú bàbá mi. Bàbá mi ti kú, kò gbọ́.

Láàárọ̀, ọ̀gá wa kó wa jọ. Ẹ̀rín-Músẹ́ là ń pè é lẹ́yìn, nítorí ó ní a gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀, pé oníbàárà máa ń gbọ́ ọ lóhùn ẹni. Ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù lọ ni wọn yóò fi ṣe olórí yàrá. Olórí yàrá kì í gbé ìpè. Ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ó sì lè ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó máa pariwo mọ́ ọn létí mọ́ láyé. Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi pé eyín mi ń ro mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Bọ́ọ̀sì kún, bàtà mi rin. Nígbà tí mo máa wọlé, pátákó oníná tó wà lára ògiri ti to nọ́ńbà wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ní wákàtí wákàtí. Èmi ni ìkeje. Ìjókòó kejìlélógún ló wà lókè pátápátá.

Àbúrò mi ni ìjókòó kejìlélógún. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, àbíkẹ́yìn ilé wa. Oṣù mẹ́rin péré ló dé ibi iṣẹ́ yìí, èmi ni mo sì bẹ Ẹ̀rín-Músẹ́ kó tó gbà á. Èmi ni mo fún un ní yàrá kan nínú méjì tí mo háyà. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí ẹnì kan bá ń bínú, kó jẹ́ kó sọ ọ́ tán kó tó dá a lóhùn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èyí kò tilẹ̀ fi ata sẹ́nu. Ó kàn mọ iṣẹ́ náà ṣe jù mí lọ ni, ìyẹn ló sì ń ta mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ìkeje. Ìkẹfà fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ìkeje. Ẹyin ti tún gbówó lórí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá wa pè. Ó bi mí bí ara mi ṣe rí, mo ní ọrùn ń dùn mí. Ó ní pẹ̀lẹ́, àbúrò rẹ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni a wá sọ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rín-Músẹ́ ti ya àwòrán rẹ̀ níwájú pátákó, ọmọ náà sì ti fi ránṣẹ́ sílé. Ìyá wa ti gbé e sójú fóònù rẹ̀. Bó bá fẹ́ mọ aago tó lù, ojú àbúrò mi ló máa kọ́kọ́ rí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà níbẹ̀, tí ìyá wa ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé mò ń ta fóònù.

Mo wá ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí n má ṣe mọ́. Mo na ara sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo ayé àwọn ẹlòmíràn lórí fóònù. Ẹni tí a jọ jókòó ní kíláàsì ti kọ́lé, ó ń fi géètì hàn wá. Òmíràn wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹ́ ọkọ̀ ló yà fún wa, bíi pé a ò mọ̀ pé ọkọ̀ òfuurufú máa ń ní ìyẹ́. Mo wò ó títí ọrùn mi fi di igi. Àbúrò mi ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ó ń kọrin. Aṣọ tèmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nọ́ọ̀sì, ìlara ni. Mo ti kọ ọ́. Kò pa mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo ní nǹkan láti sọ fún ìwé lónìí.

Òfin ibi iṣẹ́ wa ni pé àwa àgbà lè taari ìpè wẹ́wẹ́ sọ́dọ̀ àwọn tuntun, kí ọwọ́ wa lè yọ fún ìpè tó le. Àwọn tuntun kì í taari tiwọn sọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé, ẹnikẹ́ni ò tíì taari ìpè sí mi rí. Bí ìpè bá sì parí, ọ̀dọ̀ ẹni tó parí rẹ̀ ni ìràwọ̀ tí oníbàárà fi ń fún wa ní máàkì ń lọ, ìbáà jẹ́ ọ̀kan, ìbáà jẹ́ márùn-ún.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọkùnrin kan wọlé tí kò fẹ́ àlàyé rárá, èébú nìkan ló fẹ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ ti dé, ṣùgbọ́n ó ti fọ́. Mo mọ̀ pé ìràwọ̀ kan ni yóò fún mi. Mo gbójú sókè wo pátákó. Mo ní, "Ẹ dúró díẹ̀ ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yín jù mí lọ ń bọ̀." Mo tẹ méjì, mo tún tẹ méjì. Ìjókòó kejìlélógún.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé ọwọ́ mi ló ṣe é kí ọkàn mi tó mọ̀. Irọ́ ni. Ọkàn mi mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Méjì sí i. Nígbà tí a fi máa lọ jẹun, àbúrò mi ti bọ́ sí ipò kẹta. Mo ra mínírà tútù fún un. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," ó fi orí rẹ̀ lé mi léjìká díẹ̀. Mo ní kó dìde, ó wúwo.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àbúrò mi ló fi òróró ra ọrùn mi lónìí. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn gbé ìgò rẹ̀ wá, ó ní kí n jókòó sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dára, mi ò lè purọ́. Ó wá ní kí n má jẹ́ kí iṣẹ́ yìí pa mí, pé ó rí i pé ó ti ń rẹ̀ mí jù. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún mo ń sọ pé wò ó, ó ti ń bá mi kẹ́dùn bí ẹni pé ó ti gba ipò náà tán. Ẹni tó wà lókè ló máa ń rójú bá ẹni tó wà nílẹ̀ kẹ́dùn.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ooru. Ẹ̀rọ amúlétutù ti kú, wọ́n ní wọ́n ti ránṣẹ́ pe ẹni tó máa tún un ṣe láti ọjọ́ Ajé. Alábẹ̀bẹ̀, obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìjókòó kẹtàlá, ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń fẹ́ èmi náà pẹ̀lú.

Mẹ́jọ ni gbogbo ẹ̀ báyìí. Èmi ni ìkejì. Àbúrò mi ni ìkẹsàn-án. Inú mi dùn. Mo tún un kọ kí ó má bàa dà bíi pé mò ń sá fún un: inú mi dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Alábẹ̀bẹ̀ rọra fà mí lápá, ó ní àbúrò mi wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń sunkún, kí n lọ wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n ń fún wa fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ló ń kà á. Nígbà tí mo débẹ̀, obìnrin mẹ́ta ti yí i ká. Ọ̀kan ń fún un ní omi, ọ̀kan ń nù ún lójú, ìkẹta ń sọ fún un pé kò sí ohun tí kì í kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ohun tí mo rò. Mi ò rò pé èmi ni mo fà á. Ohun tí mo rò ni pé ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó fún mi lómi rí. Mo jowú ẹkún rẹ̀. Irú èèyàn wo ni mí?

Lójú ọ̀nà ilé mo bi í pé kí ló dé. Ó ní àwọn tó ń bínú ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ òun ni, òun á gbìyànjú. Ó wo ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì títí a fi dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Fóònù mi dún nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, àbúrò mi fò dìde, àwo rẹ̀ dà sílẹ̀. Ìyá wa ló pè. Ọmọ náà dúró sójú kan, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń bẹ̀ mí kí n pa á, kí n jọ̀ọ́ kí n pa á. Mo pa á. A jọ ṣa oúnjẹ nílẹ̀. Ó ti rù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni.

Mo pinnu pé ó tó. Láti ọjọ́ Ajé, mi ò ní taari ìpè kankan sí i mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá

Mẹ́ta. Wọ́n le ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ọkùnrin kan ní ìjókòó kẹsàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi lórí pátákó, mi ò lè gba ìràwọ̀ kan báyìí. Mi ò tilẹ̀ ronú nípa àbúrò mi mọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìka mi ti mọ ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Obìnrin kan pè nípa kẹ̀kẹ́ tí bàbá rẹ̀ máa fi rìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ń sọ fún un pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Bàbá náà kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin yìí kò búni, ẹkún ló ń sun, ó ń gégùn-ún láàárín ẹkún, ó sì jàre. Mo tẹ méjì, mo tún tẹ méjì.

Ogójì ìṣẹ́jú ni obìnrin náà fi di àbúrò mi mú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí àga ṣubú. Ó ti bọ́ ẹ̀rọ etí rẹ̀, ó ti wọ abẹ́ tábìlì, ó ká ara rẹ̀ jọ síbẹ̀. Ẹ̀rín-Músẹ́ dúró lórí rẹ̀, ó ń sọ fún un pé ìlà rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ o, oníbàárà lè gbọ́. Alábẹ̀bẹ̀ ló wọ abẹ́ tábìlì lọ bá a. Èmi dúró sí ìjókòó kẹrìnlá.

Nọ́ọ̀sì kan náà tó yẹ̀ mí wò ló yẹ òun náà wò. Ó ní kò gbọdọ̀ padà síbi iṣẹ́ títí oṣù yóò fi parí. Ó bi mí bóyá mo ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí yàrá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín-Músẹ́ ya àwòrán mi níwájú pátákó, mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ìyá wa, ìyá wa sì gbàdúrà fún mi gidi, ó pe gbogbo oríkì mi. Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn. Àbúrò mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ó lè sinmi wàyí." Ara rẹ̀ ti fúyẹ́ jù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo dé ọ́fíìsì olórí yàrá láàárọ̀. Ilẹ̀kùn ń tì lóòótọ́.

Ìwé kan ti wà lórí tábìlì dè mí. Ìwé ìjókòó kejìlélógún ni. Ẹ̀rín-Músẹ́ ní kí n gbọ́ àwọn ìpè tí oníbàárà fún ní ìràwọ̀ kan, kí n kọ ohun tó fà á, kí n sì buwọ́ lù ú, kí wọ́n lè dá a dúró kí ọdún tó parí. Ó ní òun mọ̀ pé àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n ohun tí à ń pè ní olórí nìyẹn.

Mo ṣí ẹ̀rọ. Ìpè mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́kàndínlógún nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: láti ìjókòó kẹrìnlá.

Mo jáde lọ bá obìnrin tó wà ní ìjókòó kọkànlélógún, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún yìí ni. Mo bi í pé bí wọ́n bá taari ìpè sí wọn, ṣé nọ́ńbà ẹni tó taari rẹ̀ máa ń hàn? Ó ní ó máa ń hàn kí ìpè tó wọlé, pupa ni. Ó ní gbogbo àwọn tuntun ló mọ̀. Ó ń wò mí bí ẹni pé mo béèrè bóyá omi máa ń tutù.

Nítorí náà, àbúrò mi mọ̀. Láti ìpè àkọ́kọ́ ló ti mọ̀.

Mo padà, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn kí wọ́n tó so oníbàárà mọ́ wa, ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Nínú ti ọkùnrin ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo gbọ́ tí àbúrò mi sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi," bí ẹni tó rí èèyàn rẹ̀ láàárín èrò. Nínú ìkẹrin ó ní, "Ó ti rẹ̀ wọ́n. Ó dáa, gbé e wá." Nínú ìkẹsàn-án, oníbàárà ní ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìpè òun ti òun dànù. Àbúrò mi dá a lóhùn pé rárá o, ẹ̀gbọ́n òun ni, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ara wọn ni kò yá, kí ó bá òun sọ̀rọ̀, òun ń gbọ́. Láti ìkẹtàlá, kò sọ nǹkan kan mọ́ kí oníbàárà tó wọlé. Mímí nìkan ló ń mí. Nínú ti obìnrin tó fẹ́ kẹ̀kẹ́ fún bàbá rẹ̀, ó ní, "Olúwa, ràn wá lọ́wọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi."

Mo rò pé mò ń dá a lulẹ̀ ni. Òun rò pé mò ń ké sí òun kí òun wá bá mi gbé e.

Ibi tí wọ́n ní kí n kọ ohun tó fà á sí kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà mí. Mo kọ ọ́ pé ìjókòó kẹrìnlá mọ̀ọ́mọ̀ ń taari àwọn tó ń bínú sí i kí máàkì rẹ̀ lè wálẹ̀, àti pé èmi ni ìjókòó kẹrìnlá. Mo buwọ́ lù ú. Ẹ̀rín-Músẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n tún un kọ, pé pátákó kò bi ẹnikẹ́ni ní ìdí. Mo ní mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí kò rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́. Wọn kò lé mi, nítorí àwọn tó fẹ́ dá ẹrù padà ti ń bọ̀, wọn kò sì rí ẹni gbé ìpè. Mo ti padà sí ìjókòó kẹrìnlá. Wọ́n ti ya ìwé àbúrò mi, wọ́n ní ó lè padà bó bá fẹ́.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ. Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ìyá wa ni? Mo ní rárá.

Mo ní, "Kò rẹ̀ mí. Gbogbo ìpè yẹn. Mo fẹ́ kí o ṣubú ni."

Ó ní, "Gbogbo mọ́kàndínlógún?"

Òun náà ti kà á. Mo ní gbogbo ẹ̀.

Mo ń retí kó sunkún, kó bú mi, kó ju aṣọ lù mí. Mo tún ń retí, ìtìjú ni láti kọ ọ́, kó fà mí dìde, nítorí àbúrò kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n pẹ́ lórí eékún. Ó ká èyí tó kù. Ó pín in sí méjì, ó gbé tèmi sórí àga, ó kó tirẹ̀ wọ yàrá rẹ̀. Èmi ni mo fa ara mi dìde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

"Ẹ káàárọ̀." Ó dúró níbẹ̀. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e tẹ́lẹ̀ kò tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo sọ fún ìyá wa fúnra mi. Ó ní kí n gbé fóònù fún àbúrò mi. Mo gbé e fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Afẹ́fẹ́ tutù lónìí, ọrùn mi sì rọ̀ díẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín láti yàrá àbúrò mi nígbà tí mo wọlé, ẹ̀rín rẹ̀ gidi, èyí tí mi ò tíì gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo sáré bu oúnjẹ sínú àwo, mo ní n ó fi ṣe àwáwí láti wọlé lọ jókòó tì í. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Alábẹ̀bẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń jáde lára fóònù, ó ń bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti ń rí oorun sùn. Mo gbọ́ tó dáhùn:

"Mo ti jẹun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má ṣèyọnu mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ títí oúnjẹ fi tutù. Mo ti jowú nítorí máàkì, mo ti jowú nítorí ìràwọ̀, mo ti jowú nítorí àwòrán ojú fóònù ìyá wa, mo tilẹ̀ ti jowú ẹkún. Mi ò mọ̀ pé mi ò tíì jowú rí.